Bẹ́ ẹ ṣe máa gé ewé kẹ́ ẹ tó wọn omi inú ẹ̀

Iṣẹ́ yìí lápapọ̀ ò le. Ẹ máa wọn ewé ata bẹ́ ẹ bá ṣe ń gé e, ẹ máa fún un lómi títí táá fi yó, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oven, ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Síkéèlì tó ń ka dé 0.001 gíráàmù ni kẹ́ ẹ wá o, ti àwọn ẹlẹ́ja dídì ò lè ṣe é.

Gígé yẹn gan-an ni wàhálà. Mo ti rí àwọn tó gé ewé lọ́sàn-án gangan, wọ́n kó o sọ́wọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bọ̀ nílé. Ewé tẹ́ ẹ gé ò rí omi gbà láti ìdí mọ́, àmọ́ àwọn ihò kéékèèké ara ẹ̀ ò tíì pa dé, omi ṣì ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kódà lára igi míì ihò yẹn á kọ́kọ́ là sí i kó tó pa dé. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi débi síkéèlì, kì í ṣe omi ara ata lẹ ń wọ̀n mọ́, bẹ́ ẹ ṣe falẹ̀ tó lẹ ń wọ̀n.

Torí náà ọ̀rá ló máa ṣáájú réésà. Ẹ wọn ọ̀rá lófìfo, ẹ fi bíró kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí i lára, ẹ fi bo ewé nígbà tó ṣì wà lórí igi, ẹ di ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gé e. Tọ̀rátọ̀rá lẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ ó wá yọ ti ọ̀rá kúrò, kí omi tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá má baà sọnù. Ọ̀rá ẹ̀pà tó mọ́ tó sì gbẹ ti tó. Réésà tuntun ni o, sísọ́ọ̀sì máa ń fún ìdí ewé pa. Tí síkéèlì bá jìnnà, ẹ gbé kúlà dání, ṣùgbọ́n kí yìnyín má kan ewé.

Àwọn kan máa ń gé ewé ní róbótó kéékèèké lé omi. Èmi ò fẹ́ ẹ. Gbogbo etí tẹ́ ẹ gé ló ń fa omi wọlé, bó bá sì ṣe kéré tó ni etí ẹ̀ ṣe pọ̀ ju ara lọ, ìwọ̀n tó yó á ga ju bó ṣe yẹ, ewé tí nǹkan kan ò ṣe á wá dà bí èyí tí òùngbẹ ń pa. Odidi ewé ni kẹ́ ẹ lò, ìdí ẹ̀ nìkan nínú omi, wákàtí 4, níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ fi tíṣù nu ún kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Oven, 80°C, títí ìwọ̀n ò fi ní wálẹ̀ mọ́. Ká ní gíráàmù 0.84 ni nígbà tẹ́ ẹ gé e, 0.96 nígbà tó yó, 0.16 nígbà tó gbẹ: ẹ yọ 0.16 kúrò lára méjèèjì, ẹ wá fi 0.80 pín 0.68, ó jẹ́ 85%, ìyẹn ni pé nínú gbogbo omi tí ewé yẹn lè gbà títí táá fi yó, 85% ló wà lára ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gé e. Wákàtí kan náà lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa gé o, torí ti àárọ̀ ò lè bá ti ọ̀sán dọ́gba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pressure chamber, ẹ̀rọ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ ti omi ewé jáde níbi tẹ́ ẹ ti gé e, irú èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Scholander àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1965, òfin ọ̀rá kan náà ni. Ẹ má ki ìdí ewé bọ omi, ẹ má sì tún un gé. Tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́, oje funfun ló máa kọ́kọ́ yọ, ẹ nù ún dáadáa kẹ́ ẹ tó máa sọ pé omi ti dé.