158 Tó Di Méjì: Bí Mo Ṣe Tú Ìhun Erythromycin Wò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò le létí: kí n fi mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù, tú ìhun oògùn erythromycin wò, kí n sì fi ẹ̀rí hàn pé ṣúgà méjì ló so mọ́ òrùka ńlá àárín rẹ̀. Bakitéríà kan ló ń ṣe oògùn apakòkòrò yìí, inú erùpẹ̀ tí Dókítà Abelardo Aguilar fi ránṣẹ́ láti Iloilo ní Philippines ní 1949 ni wọ́n sì ti rí i. Ìhun rẹ̀ ti wà nínú ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Mo yọ́ ìyẹ̀fun funfun náà sínú methanol, mo sì bu omi àti acetonitrile tí ó ní formic acid díẹ̀ là á. Abẹ́rẹ́ electrospray ń fọ́n ọn jáde bí ìkùukùu, omi ara rẹ̀ ń gbẹ, mólékù náà sì ń wọ inú ẹ̀rọ lódidi pẹ̀lú pírótọ́ọ̀nù kan lára, èyí tó fún un ní iná mànàmáná. Ọ̀nà yìí ni John Fenn fi wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2002.

Lórí àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ṣóńṣó tó ga jù yọ ní ìwúwo 734.468. Kékeré kan tẹ̀ lé e ní 735.47, tí gíga rẹ̀ tó bí 40 nínú 100 ti àkọ́kọ́, torí pé nínú kábọ̀nù 37 tí mólékù kọ̀ọ̀kan ní, a máa ń bá ọ̀kan tó wúwo ju àwọn yòókù lọ pàdé lára àwọn kan. Àlàfo 1 tó wà láàárín wọn ni mo fi mọ̀ pé pírótọ́ọ̀nù ẹyọ kan ló wà níbẹ̀; bó bá jẹ́ méjì ni, ìdajì ni àlàfo náà ì bá jẹ́.

Mo wá ní kí ẹ̀rọ mú 734 nìkan, kí ó máa gbá a mọ́ gáàsì títí yóò fi fọ́. 576.37 jáde, ìyẹn ni pé 158 ti bọ́ lára rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, ṣóńṣó kan sì dúró gbagidi ní 158. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ṣúgà tó bọ́ náà ló fara hàn yìí. Irọ́ gbáà ni. Nígbà tí mo ka nọ́mbà lẹ́yìn àmì ìdá, èyí tó bọ́ jẹ́ 158.094, èyí tí mo rí sì jẹ́ 158.118. Cladinose, ọ̀kan nínú ṣúgà méjèèjì, ló bọ́, kò mú pírótọ́ọ̀nù kankan lọ, ẹ̀rọ kò sì lè rí ohun tí kò ní iná mànàmáná lára. Desosamine, ṣúgà kejì, ló fara hàn, torí náítírójìn kan ṣoṣo tí mólékù náà ní, ara rẹ̀ ló wà, òun ló sì di pírótọ́ọ̀nù mú. Ẹ̀rọ tí kò lè ka ju nọ́mbà odidi lọ ì bá ti jẹ́ kí n kú sínú àṣìṣe yẹn. Mo gbé azithromycin, oògùn mìíràn tó ní desosamine lára, sí i láti fi wé e: 158.118 kan náà ló tún mú wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà mìíràn dé. Mo ti fi ìgò kékeré náà sílẹ̀ mọ́jú, ni ṣóńṣó ńlá kan bá yọ ní 716.46, kí n tó fọ́ ohunkóhun. Omi kan ti sọnù. Mo rò pé ẹ̀rọ gbóná jù, mo dín ooru rẹ̀ kù, kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kàn bi mí pé, “Ṣé ìgbà kan náà ni wọ́n ń jáde láti inú kọ́lọ́ọ̀mù?” Kọ́lọ́ọ̀mù ni ọ̀pá tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ. Mo wo 734 àti 716: rárá, oníkálukú wọn ló ní ìṣẹ́jú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ni omi ti bọ́, ìbá jọ jáde ni. Ásíìdì inú ìgò ti sọ oògùn mi di anhydroerythromycin, gẹ́gẹ́ bí ásíìdì inú ikùn ṣe máa ń bà á jẹ́, tí wọ́n fi máa ń fi nǹkan bo hóró oògùn náà lára.

Mo da ìgò náà nù, mo yọ́ tuntun, mo sì gbé e sí ẹ̀rọ láàárín wákàtí kan. 716 kò yọjú mọ́, àyàfi ìgbà tí mo bá gbá 734 mọ́ gáàsì.