Ọyẹ́ ti dé o, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nu mọ́tò yín mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Àsìkò ọyẹ́ báyìí, láàárọ̀ kùtù, kò sádùúgbò tẹ́ ẹ dé n'Ìbàdàn tẹ́ ò ní rẹ́ni tó ń fi àkísà gbígbẹ gbá eruku kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní òun ń nu mọ́tò. Yanrìn wẹ́wẹ́ ló kún inú eruku yẹn o, téèyàn bá wá tẹ àkísà mọ́ ọn tó ń fà á lọ fà á bọ̀, sáńpépà ló fi ń ha mọ́tò ẹ̀ yẹn. Kì í hàn lọ́jọ́ kìíní, àmọ́ tó bá yá, pàápàá tó bá jẹ́ mọ́tò dúdú, ẹ gbé e sínú òòrùn kẹ́ ẹ wo bí ìlà á ṣe kún ara ẹ̀.

Clear coat ló ń jẹ́ kí mọ́tò máa dán, ìyẹn ọ̀dà tí ò láwọ̀ tí wọ́n fi bo ọ̀dà gangan. Ti ọ̀pọ̀ mọ́tò ò ju bíi 50 micron lọ, bébà tá a fi ń kọ̀wé nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò kí ọwọ́ yín tó kan mọ́tò rárá. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, torí tí páànù ẹ̀ bá gbóná omi á gbẹ kẹ́ ẹ tó nù ún, á sì fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, omi kànga àti bóhóòlù ló burú jù fún ìyẹn. Ẹ da omi sí i látòkè wá sílẹ̀ kí yanrìn kọ́kọ́ ṣàn lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ máa lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tẹ́ ẹ ó máa fi ṣan fóòmù yín kẹ́ ẹ tó tún rì í bọ inú omi ọṣẹ, ẹ ó rí yanrìn tó máa wà nísàlẹ̀ èkejì yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Orí mọ́tò lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa kẹ́yìn torí ibẹ̀ ló dọ̀tí jù. Rímù àti táyà, fóòmù tiwọn lọ́tọ̀, eruku bíréèkì ní irin nínú.

Ọṣẹ ìfọṣọ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ. Ó máa ń bó wax, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀dà, kúrò lára mọ́tò, ṣampú mọ́tò lẹ rà. Àwọn tó ń fi kẹrosíìnì nu bọ́dì kó lè dán, ẹ ṣáà má gbà fún wọn, eruku ló máa lẹ̀ mọ́ ọn tó bá fi máa dọ̀la, ó sì ń ba rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn jẹ́.

Ìgbẹ́ ẹyẹ ò ṣeé fi sílẹ̀ di Sátidé o! Áásìdì wà nínú ẹ̀, tóòrùn bá ti pa á mọ́ ọn lára ó ń jẹ ọ̀dà ni. Ẹ fi aṣọ tútù lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rọ̀, kẹ́ ẹ wá rọra gbé e kúrò, ẹ má fi èékánná họ ọ́. Oje igi máńgòrò náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa ń páàkì sí, ẹ tètè máa nù ún.

Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, tówẹ́ẹ̀lì microfibre, ìyẹn èyí tí òwú ẹ̀ tín-ín-rín tó sì rọ̀, ni kẹ́ ẹ fi gbẹ omi ẹ̀, èyí tó bá ti já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má lò ó mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ló wá kan wax. Èyí tí wọ́n ń pè ní carnauba dáa, ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Brazil ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ fi díẹ̀ pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún kúrò, ẹ má jẹ́ kó kan rọ́bà dúdú, ó máa funfun mọ́ ọn. Pẹ̀lú òòrùn tiwa yìí, oṣù méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa tún un ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí òkun bíi Lẹ́kkí tàbí Badagry, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tètè mú irin dípẹtà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wax ṣì wà lára mọ́tò, ẹ wọ́n omi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ń ṣù jọ róbótó róbótó, ó ṣì wà, tó bá kàn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti lọ.

Ẹni tí ò bá ráyè fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, kó ra ṣampú àti tówẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ sínú búùtù, kó máa kó o fún àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì tó bá débẹ̀, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku náà.