Bí a ṣe ń ra ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì fún ọmọdé nígbà Ojúde Ọba

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń múra. Wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti pín aṣọ, àwọn ará Èkó sì ti ń ka ọjọ́ tí wọn máa wọlé. Àsìkò yìí ni ọmọdé máa ń rí ẹ̀bùn gbà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ọ̀kan nínú ẹ̀bùn náà jẹ́ èyí tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí yóò sì tún un ṣe lọ́la. Ohun ìṣeré tó ń dá kọrin, tó ń dá tan iná, tí ọmọ kàn jókòó tó ń wò ó, kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ pe ìyá ọmọ. Ẹ má bi í pé kí ni ọmọ fẹ́. Bọ́ọ̀lù ni yóò sọ. Ẹ bi í pé, "Kí ni ó tú palẹ̀ kẹ́yìn?" Ọmọ tó tú rédíò bàbá rẹ̀, wáyà, gílóòbù kékeré àti bátìrì ló yẹ ẹ́. Èyí tó ń tẹ̀ lé eèrà káàkiri àgbàlá, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni kí ẹ wá fún un. Èyí tó ń ka gbogbo nǹkan tó bá rí, ẹ ra ọpọ́n ayò fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ayò mọ́ ẹ̀bùn ìmọ̀, ó sì ń dùn mí. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ọmọ tó bá ń ta á déédéé yóò ti ṣírò ibi tí ọmọ ayò máa parí sí kó tó fọwọ́ kàn án. Kò gba bátìrì, kò gba iná NEPA.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára páálí. Kì í ṣe ọgbọ́n ọmọ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ewu ló ń sọ jù. Ní ilé ẹbí lásìkò ọdún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ mú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fun. Èmi kì í ra òòfà kéékèèké fún ilé tí ọmọ kékeré wà, n kì í sì í ra ohun tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àfi tí síkúrù bá ti ilé bátìrì náà pa. Bí ọmọ bá gbé bátìrì yẹn mì, wákàtí méjì péré ti tó fún un láti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Òòfà méjì nínú ikùn yóò fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun kan sí ìkejì títí wọn yóò fi dá ìfun lu. Bí ẹ bá tiẹ̀ fura lásán, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ó wá kan ọjà. Ìbáà jẹ́ Òkè-Ajé, ìbáà jẹ́ Sábó ní Ṣágámù, ìbáà jẹ́ Ìdúmọ̀tà lẹ ti ń bọ̀, ẹ má sanwó lórí páálí tí wọn kò tú. Ẹ mú bátìrì AA mẹ́rin dání láti ilé kí ẹ fi dán an wò níbẹ̀. Ohun tó ń lo AA ni kí ẹ yàn, torí ìyẹn wà ní ìsọ̀ gbogbo títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Bátìrì àjèjì tí kò sí ní àdúgbò ọmọ ló ń sọ ẹ̀bùn di ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí ni ó ti mú mi rí. Mo ra awò awọ̀nàjíjìn fún ọmọ àbúrò mi torí pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Alẹ́ mẹ́ta la fi wà níta, a kò rí ju kùrukùru lọ. Ẹ wo bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọn ìbú dígí iwájú rẹ̀ ní mílímítà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Dígí mílímítà 60 kò lè ju ìlọ́po 120 lọ kó ṣì mọ́lẹ̀. Ìyókù, ẹnu lásán ni. Awò olójú méjì tí wọ́n kọ 10x50 sí lára (ìlọ́po mẹ́wàá, dígí iwájú mílímítà 50) sàn ju irú èyí lọ fíìfíì. Bí ọwọ́ kò bá gbọ̀n, ó ń fi àwọn òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà ní 1610 hàn. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi wo oòrùn láé, ojú lè fọ́. Bí Iléyá bá sì bọ́ sí àsìkò òjò, ìkùukùu kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ojú ọ̀run, ẹ ra nǹkan mìíràn.

Irú irọ́ kan náà wà lára máíkírósíkóòpù oníke, awò tí a fi ń wo ohun tójú lásán kò lè rí, tí wọ́n kọ ìlọ́po 1200 sí. Láti 40 dé 400 ti tó ọmọ ilé-ìwé. Ẹ ra àlùbọ́sà kan lọ́jà, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìpele rẹ̀, ẹ kán omi sí i, kí ẹ ní kí ọlọ́jà fi hàn yín. Bí ẹ bá rí i bí ẹní tí a hun, ẹ ná an.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dì í. Pépà litmus (èyí tó ń pa àwọ̀ dà bó bá kan ásíìdì tàbí omi ọṣẹ) pupa àti aláwọ̀ aró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan láàbù, iodine lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, ike kéékèèké, ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti wà nínú àwo: gaàrí Ìjẹ̀bú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti pépà aláwọ̀ aró bọ omi gaàrí kíkan. Yóò pọ́n, torí pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin ti lo ọjọ́ nínú àpò, ó ti kan, omi kíkan sì ni ásíìdì. Kó ti pépà pupa bọ omi ọṣẹ, yóò yí sí àwọ̀ aró. Kó kán iodine sórí gaàrí díẹ̀ lọ́tọ̀. Yóò dúdú, nítorí sítáàṣì. Kó dán an wò lórí iyọ̀, lórí ṣúgà, lórí ẹ̀wà, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ da èyí tó ti kan iodine nù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Àgbàlagbà ni kó máa tọ́jú ìgò náà.

Ní ti wáyà àti gílóòbù, bátìrì AA méjì tó ìdáná rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ní gbangba pé iná ògiri kò sí lára eré yìí.

Ẹ má fún un lọ́jọ́ Ojúde Ọba o. Ẹ fún un ní alẹ́ tí ẹ wọlé gan-an, kí ẹ jókòó tì í ṣe ti àkọ́kọ́. Tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin àwọn Balógun ni yóò kún ojú ọmọ, ẹ̀yin náà yóò sì ti máa wá ọkọ̀ Èkó.