Béèlì ọ̀fẹ́ tí mo san ₦80,000 lé lórí

₦80,000 ni mo san kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ àkọlé náà gan-an ni mo sì dúró sí nígbà tí ọlọ́pàá ń ka owó mi. Títí di òní, inú mi kì í dùn bí mo bá rántí.

Aránṣọ ni mí, Lagere ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló gba ọ̀kadà àwìn lọ́wọ́ ẹnì kan, tí kò rí owó rẹ̀ san tán. Àwọn ọlọ́pàá ò bá a nílé, ni wọ́n bá wá gbé èmi ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Mọ́ńdè ni mo tó jáde. Aṣọ ẹbí méjìlá tó yẹ kí wọ́n wọ̀ ní Sátidé wà nílẹ̀ láìrán. Gbogbo owó wọn ni mo dá padà.

Oníbàárà mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní OAU ló là mí lójú. Ó ní Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn dípò ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí gbèsè lásán. Ó tún fi abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 hàn mí: bí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kóòtù wà ní Ifẹ̀ níbí! Èmi lo ọjọ́ mẹ́ta.

N kò lówó lọ́yà. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìlówó lọ́wọ́ ní kóòtù, ní Òṣogbo ló gba ẹjọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, torí ohun tí mò ń pa lóṣù kò ju ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ wá wò ó, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ju èrè oṣù mi lọ, ọ̀dọ̀ alájọ ni mo ti yá a. Wọ́n kọ ìwé, mo búra, a pe ẹjọ́ ní kóòtù gíga. Ìyẹn ò le.

Fífi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ló fẹ́ pa mí. Òṣìṣẹ́ kóòtù lọ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, ò sí. Ó padà lọ, wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Nígbà kẹta, ẹni tó wà ní káńtà gba ìwé, ó kà á tán, ó tún tì í padà, ó ní òun ò lè fọwọ́ sí ohun tí òun ò mọ̀dí.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, adájọ́ béèrè ẹ̀rí pé ìwé dé ọwọ́ wọn. Kò sí. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìlànà ọdún 2009 fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kí ìgbẹ́jọ́ bọ́ sáàárín ọjọ́ méje tí a bá pe ẹjọ́, àmọ́ oṣù mẹ́ta gbáko ni tèmi fi dúró lójú kan. Gbogbo ọjọ́ kóòtù ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní rárá.

Lọ́yà mi, ọmọdébìnrin tí n kò kọ́kọ́ kà sí, ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà.” Inú ìlànà 2009 kan náà ló ti rí i pé bí ìwé bá dé ọwọ́ aṣojú ẹni tí a pè lẹ́jọ́, ó ti dé ọwọ́ ẹni náà. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ọlọ́pàá ní Òṣogbo ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lọ́jọ́ náà!

Ohun tó gbè mí jù ni pé ọ̀dọ̀ oní-POS tó dojú kọ àgọ́ ni mo ti gba owó tí alájọ yá mi náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì gbé ọjọ́ àti aago jáde. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ àwọn ọlọ́pàá náà sílẹ̀ láti Fúráìdé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ yín ti pẹ́ jù: ìlànà 2009 yẹn kò fi gbèdéke ọdún sí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Adájọ́ dá mi láre. Ó ní kí wọ́n san ₦500,000, kí wọ́n sì kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ìwé àforíjì ti dé, owó ò tíì dé, torí a ní láti gba ìyọ̀ǹda Attorney-General, olórí agbẹjọ́rò ìjọba, kí báńkì tó lè yọ owó ìjọba fún wa. Lẹ́tà wa wà níwájú rẹ̀ báyìí.