Ẹ Wo Bí Igi Ṣe Nípọn Tó Kí Ẹ Tó Dárúkọ Owó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbaṣẹ́ gígé gẹdú, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gé igi, ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Ohun tó ń sọ yín di onígbèsè ni pé iye tí ẹ gbà lórí kúbíìkì mítà kan nínú igbó èṣí náà lẹ tún ń dárúkọ nínú igbó tuntun, ẹ ò tiẹ̀ wo igi tó wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Gẹdú tó nípọn tó 40 sẹ̀ǹtímítà láàárín, tó gùn ní mítà 5, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.63 kúbíìkì mítà. Èyí tó nípọn tó 20, tí gígùn ẹ̀ ò yàtọ̀, 0.16 péré ni. Mẹ́rin ẹ̀ lẹ máa gé kó tó bá ọ̀kan yẹn dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa rìn dé ìdí igi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa ré ẹ̀ka, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa so ṣéènì, dísù ò sì ní bá yín ṣàánú.

Torí náà, ẹ mú téèpù wọgbó, ẹ wọn igi 30 ó kéré tán, kì í ṣe àwọn arẹwà etí ọ̀nà tí onígbó fi ń tan yín jàre. Ẹ wá ro owó wákàtí kan pọ̀: dísù, ọ́ìlì, òṣìṣẹ́, táyà, àtúnṣe, gbèsè ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ 600, tí ẹ sì ń rí kúbíìkì 12 ní wákàtí kan, 50 ló ná yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 6 lẹ rí, ó ti di 100 nìyẹn, èrè ò tíì wọ̀ ọ́. Wákàtí tí ẹ̀rọ fi dúró náà wà nínú ìṣirò o, òṣìṣẹ́ ṣáà máa gbowó ẹ̀.

Owó gbígbé ẹ̀rọ débẹ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀. 3,000 lórí kúbíìkì 200 jẹ́ 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí 2,000 kò ju 1.5 lọ.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bóyá tèèpo tèèpo lẹ máa wọn igi. Kúbíìkì kan igi tí wọ́n tò jọ kì í ṣe kúbíìkì kan igi gidi, nǹkan bíi 0.6 sí 0.7 ló máa ń jẹ́, àlàfo ló kún ìyókù. Tó bá sì jẹ́ tọ́ọ̀nù ni wọ́n fẹ́ fi sanwó, ẹ tètè gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Mo rí gẹdú tí wọ́n fi sílẹ̀ sójú oòrùn títí orí ẹ̀ fi sán, omi ti gbẹ lára ẹ̀, owó ti bá omi lọ, agbaṣẹ́ṣe wá ń bá oníwọ̀n jà.

Iye tí wọ́n ń ta dísù lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé, ẹ kọ òun náà síbẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan tọ́ka sí tó bá wọ́n.