Bí Mo Ṣe Tún Ojú Fídíò 31 Màámi Ṣe

Nínú fídíò oúnjẹ tí èmi àti Màámi ń gbé sórí YouTube, gbẹ̀gìrì ló kọ́kọ́ dùn mí dọ́kàn. Láti ìdájí ni Màámi ti rẹ ẹ̀wà, wọ́n bó o, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀ jọ̀gọ̀dọ̀, wọ́n fi ìjábẹ̀ lù ú, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Èmi ni mo gbé fóònù dání fún odidi wákàtí mẹ́ta. Fídíò náà jẹ́ ìṣẹ́jú 11, n kò sì rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹni 260 péré ló wò ó.

Ohun tí mo ń sọ fún Màámi ni pé YouTube kò gbé e dé ọ̀dọ̀ aráyé ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta ọdún 2025, mo ṣí YouTube Studio, níbi tí onífídíò ti ń wo bí fídíò rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, mo wọ ibi tí wọ́n kọ Reach sí, mo sì rí i pé ohun tí mo ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà 9,400 ni wọ́n ti gbé ojú fídíò yẹn, ìyẹn àwòrán tí èèyàn ń rí kó tó tẹ̀ ẹ́, síwájú èèyàn. YouTube kì í sì í kà á sí ìgbà kan àfi tí àwòrán náà bá hàn ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, tí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì wà lójú fóònù. Nínú ìgbà 100 tó hàn, kò pé ìgbà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí Màámi, wọ́n rí ìkòkò, wọ́n fi ìka tì wọ́n kọjá.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo wá gbìyànjú láti wo ìkànnì wa bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Fídíò 31 ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí mo ṣe àwòrán iwájú fún. YouTube máa ń mú àwòrán mẹ́ta láti inú fídíò fúnra rẹ̀ pé kí èèyàn yan ọ̀kan, àkọ́kọ́ ni èmi sì máa ń yàn fún ọdún méjì gbáko. Nínú ti gbẹ̀gìrì, Màámi la ẹnu sílẹ̀, ojú wọn dì, oòru ìkòkò bo ọwọ́ tí wọ́n fi ń lù ú. Gbẹ̀gìrì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kí èèyàn tó lè gbé àwòrán tirẹ̀ síbẹ̀, YouTube gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fìdí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ múlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni èyí gbà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Ìwọ̀n tí YouTube ní ká lò ni píksẹ́lì 1280 ní fífẹ̀ àti 720 ní gíga, fáìlì náà kò sì gbọdọ̀ ju 2MB lọ nígbà tí mò ń ṣe é. Canva, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán, ni mo lò lórí fóònù. Thumbnail ni àwọn tó ń ṣe fídíò ń pe àwòrán yìí, èékánná àtàǹpàkò ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní Màámi nínú, ó ní àwo oúnjẹ, ó ní ọnà àdìrẹ tí mo fi yí etí rẹ̀ ká, ó ní ọ̀rọ̀ méje àti orúkọ ìkànnì wa. Nígbà tó kún ojú fóònù, ó wù mí bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo wá sún un kéré títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àtàǹpàkò mi mu, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ èrò yóò ṣe rí i. Ó dà bí àkísà tí wọ́n ká jọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò nìyẹn. Àdìrẹ lọ, orúkọ ìkànnì lọ, ọ̀rọ̀ méje di méjì. Ó ṣẹ́ ku àwo kan àti ohun kan ṣoṣo tí ojú lè dì mú.

Àmàlà fún mi ní wàhálà. Àwo aláwọ̀ ilẹ̀ ni Màámi fẹ́ràn, tí àmàlà dúdú bá sì wà nínú rẹ̀, ihò ni àwòrán náà ń dà bí o bá sún un kéré. A yá àwo tánganran funfun lọ́wọ́ ará ilé wa, a gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Iná gílóòbù máa ń sọ ewédú di àwọ̀ ẹrẹ̀, n kò lò ó mọ́. Àbùlà kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: gbẹ̀gìrì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ewédú tutù yọ̀yọ̀, ata pupa wà láàárín, wọ́n gbé ara wọn yọ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kì í ṣe tiwa. Ibẹ̀ ni YouTube ń kọ iye ìṣẹ́jú fídíò sí, ó sì jókòó lé orí ìdajì ọ̀rọ̀ "Ìkọ́kọrẹ́" tí mo kọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ló gba àkókò mi jù. Ẹnìkan tó ti ń ṣe fídíò ṣáájú mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí àmì ohùn, pé kí n ṣáà fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Mo gbọ́ tirẹ̀. Fún fídíò ẹ̀gbo, mo ya àwo àgbàdo funfun tó ti jinná dáadáa, mo sì kọ EGBO gàdàgbà sí i lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ní egbò?" Mo tún àwòrán náà wò. Ohun funfun tó rọ̀, tó ń dán, tí wọ́n kọ egbò sí lórí! Ta ni yóò rí èyí tí yóò lọ jẹun?

Ìgbà tí mo wá fẹ́ fi àmì sí i ni mo tó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì, ìyẹn oríṣi lẹ́tà orí ẹ̀rọ, tó rẹwà ni kò gbọ́ Yorùbá. Òmíràn á kọ ẹ, á wá ju àmì ohùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òmíràn á fi àpótí òfìfo rọ́pò odindi lẹ́tà. Òmíràn á lọ yá ọ̀ láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á wá rí tín-ín-rín láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Noto Sans ló yọ mí. Google ló ní kí wọ́n ṣe é, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì wá láti inú ìjà tí wọ́n ń bá àpótí òfìfo yẹn jà, ó sì gbé ẹ̀, ọ́ àti ṣ jáde láìku ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àmì ohùn kò já mọ́ nǹkan lórí àwòrán kékeré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí gbólóhùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò là á yé èèyàn.

Lórí ojú Màámi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán ládùúgbò wa ní kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n sì káwọ́ lérí, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é báyìí. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Wọ́n wò mí títí. "Àjọkẹ́, ta ló kú? Ṣé nítorí mọ́ínmọ́ín ni kí n ṣe káwọ́ lérí?" Wọ́n jàre. Ẹni tó bá rí ìyá àgbà tó káwọ́ lérí nílẹ̀ wa, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná. Dípò ìyẹn, mo ní kí wọ́n máa wo àwo tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sàn bẹ́ẹ̀, torí ojú ẹni tó ń wò wọ́n á bá tiwọn lọ síbi oúnjẹ.

Nínú àwòrán mọ́ínmọ́ín kan náà, àwọn àǹtí mi mẹ́rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú Màámi, gbogbo wọn ń pọ́n ọn séwé. Ní ọdún 2016, Netflix gbé ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí tiwọn jáde: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.8 ni ẹni tó ń wá nǹkan wò ń lò lórí ohun kọ̀ọ̀kan, ó ju ìdá 82 nínú 100 àfiyèsí rẹ̀ lọ tó wà lórí àwòrán, bí ojú èèyàn bá sì ti ju mẹ́ta lọ nínú àwòrán, kì í fa èèyàn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí pósítà sinimá Yorùbá tí wọ́n máa ń lẹ̀ mára ògiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ojú òṣèré kún un fọ́fọ́. Lára ògiri, èèyàn lè dúró kó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú fóònù, ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ ni. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àǹtí mi, mo fi Màámi àti ewé kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀fọ́ rírò ni mo fẹ́ sọ gan-an. Pánla àti irú nìkan ni Màámi fi se ti inú fídíò. Mo wá ní àwòrán ẹ̀fọ́ mìíràn lórí fóònù, ti ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ṣàkì, pọ̀ǹmọ́, igbín, epo ń ṣàn létí àwo. Mo ní ẹ̀fọ́ rírò náà ṣáà ni. Mo gbé e síwájú fídíò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kúrò ní 3 nínú 100, wọ́n di 8. Mo sáré lọ sọ fún Màámi, inú wa dùn. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó wo bí àwọn èèyàn ṣe ń pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Báyìí, wọ́n ń lo ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Láti ọdún 2012 ni YouTube ti ń ka bí èèyàn ṣe pẹ́ tó nídìí fídíò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń pinnu èyí tí wọn yóò gbé síwájú ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò gbé e jáde tó bí wọ́n ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Mà, ẹran dà?" Màámi ka á. Wọn kò pariwo. "Ogójì ọdún ni mo fi ta oúnjẹ, Àjọkẹ́. N kò gbé ẹran ẹlẹ́ran sójú ọbẹ̀ mi rí." Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo yọ ọ́. Ó dùn mí ju ti gbẹ̀gìrì lọ. Àwọn tí wọn kò tẹ gbẹ̀gìrì, wọn kò wọlé rárá ni. Àwọn wọ̀nyí wọlé, wọ́n jókòó, àwa la já wọn kulẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá wà lójú fídíò gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Màámi a máa kí gbogbo ènìyàn fún ìṣẹ́jú méjì gbáko kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Báyìí, àwo á ti wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti ń kí wọn.

Àṣìṣe mìíràn ni pé mo pààrọ̀ àwòrán mẹ́sàn-án lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì tún pààrọ̀ àkọlé wọn pẹ̀lú. Nígbà tí nǹkan yí padà, n kò lè sọ èyí tó yí i. Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán nìkan ni mo ń fọwọ́ kàn, mo sì ń dúró fún ọjọ́ 14. Mo tún kọ́ láti má ṣe gbọ̀n jìnnìjìnnì bí iye tó ń tẹ̀ ẹ́ bá wálẹ̀. Bí YouTube bá ń gbé fídíò dé iwájú àwọn tí kò mọ̀ wá rí, ìdá náà sábà máa ń dínkù. YouTube fúnra wọn sọ pé fún ìdajì ìkànnì àti fídíò tó wà níbẹ̀, iye tó ń tẹ̀ wọ́n wà láàárín 2 sí 10 nínú ìgbà 100 tí wọ́n hàn.

YouTube ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Test & Compare, ó ń jẹ́ kí èèyàn gbé àwòrán mẹ́ta sórí fídíò kan, wọn á pín wọn fún àwọn tó ń wò, wọn á sì mú èyí tó mú kí wọ́n pẹ́ jù nídìí rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ jù. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é. Fún "Àmàlà tí kò ní kókó", èkíní jẹ́ Màámi àti àwo, èkejì jẹ́ ọwọ́ wọn lórí omorògùn, ẹ̀kẹta pín sí méjì: àmàlà tó kún fún kókó lápá òsì, èyí tó dán lápá ọ̀tún. Ti Màámi ni mo gbà pé yóò borí. Ẹ̀kẹta ló borí. Nígbà tí mo sọ fún wọn, kò yà wọ́n lẹ́nu: "Ẹni tí tirẹ̀ ń ní kókó ló ń wá wa. Ìkòkò rẹ̀ ló rí níbẹ̀."

Nínú gbogbo 31, méjìlá gòkè dáadáa, gbẹ̀gìrì sì wà lára wọn: ó ti kọjá 4,000. Àwọn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò mira. Mẹ́rin wálẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù nínú wọn, torí èyí tí mo yà lójú fèrèsé mọ́ tónítóní, àwọn èèyàn kò sì fẹ́ ẹ. Àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí YouTube mú fúnra rẹ̀, tí èéfín igi ìdáná wà lẹ́yìn Màámi. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, mo sì rò pé èéfín yẹn gan-an ni ojú ń ro wọ́n. Mo dá a padà.

Màámi ti mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ báyìí. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwo tánganran lọ sójú fèrèsé, wọ́n á nu etí rẹ̀, wọ́n á pè mí pé kí n wá ya ojú ẹ̀ kó tó tutù. Ẹ̀kọ nìkan ni a ò tíì tún yà. Ewé eéran tútù ni wọ́n fẹ́ kó wà nínú àwòrán náà, èyí tó wà lọ́jà lọ́sẹ̀ yìí sì ti rọ.