Bí a ṣe ń gbé àbá ìwádìí kalẹ̀

Ibì kan náà ni àwọn ọmọ tó ń mú iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá bá mi ní Kàbà máa ń há sí: hypothesis. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a gbé sábẹ́, bí ìpìlẹ̀ ilé. Àbá ni èmi ń pè é. "Àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta": a lè dá àbá kó má ṣẹ, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà.

Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní Ìsánlú kì í tọ́jú ẹ̀wà láìbu eérú sí i. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, eérú á kún abẹ́ èékánná mi, ṣùgbọ́n hóró ẹ̀wà á ṣì le koko. Mo ti bu ẹ̀wà tí kò léèérú rí, ìyẹ̀fun ń dà láti inú ihò tí kòkòrò lu. Ìbéèrè dé: ṣé eérú ló ń dáàbò bò ó?

Ẹ wá sọ ìdáhùn tí ẹ fura sí di gbólóhùn kan. "Eérú dára fún ẹ̀wà" kì í ṣe àbá, nítorí kò sí ohun tó lè já a nírọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí a bá po eérú igi mọ́ ẹ̀wà, hóró tí kòkòrò máa lu láàrin oṣù 2 yóò kéré sí ti ẹ̀wà tí kò ní eérú." Ohun tí a ó ṣe wà níbẹ̀, ohun tí a ó kà wà níbẹ̀, àkókò náà wà.

Ẹ kọ alátakò rẹ̀ náà: "Eérú kò ní ipa kankan." Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún irú èyí lórúkọ ní 1935: null hypothesis, àbá òfo. Òun ni ìwádìí ń gbìyànjú láti bì ṣubú. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀wà. Mi ò fojú kékeré wo èyí rárá: àbá tí a kọ lẹ́yìn tí a ti rí èsì kì í ṣe àbá mọ́.

Ó ku ìdánwò. Inú àpò kan náà ni kí ẹ ti bu ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì méjì tó dọ́gba, ọ̀kan léèérú, èkejì kò ní, nínú yàrá kan náà. Ẹ dé méjèèjì. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá eérú ló ṣiṣẹ́ tàbí ìdérí. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tó bá pé oṣù 2, ẹ ka hóró 100 nínú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tó ní ihò.

Bó bá ṣẹ, ẹ má kọ pé ó ti di òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ kọ pé èsì gbè é lẹ́yìn, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pàápàá lè wó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa ibà, ìyẹn gan-an ni ìtumọ̀ malaria ní èdè Ítálì. Oòrùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi nílé wa. Dókítà Patrick Manson dá àbá pé ẹ̀fọn ni, dókítà mìíràn, Ronald Ross, sì rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897.

Bí ihò inú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì bá dọ́gba ńkọ́? Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ má sì fọwọ́ kan àbá tí ẹ ti kọ.